Ilé Tí Si Thami Rà Ní Pọ́ọ́kú

Ọgbọ́n Si Thami pọ̀ débi pé ọdún méjìlélógún gbáko ló fi yá ilé gbé. Kì í ṣe pé kò lówó o. Àsìkò ni kò tíì tó. Nígbà tí ilé wọ́n ní ìlú Meknès, ó ní yóò wálẹ̀. Nígbà tó wálẹ̀, ó ní ẹ jẹ́ kó tún wálẹ̀ díẹ̀ sí i. Ilé ò dá a lóhùn, ó gbéra, ó tún gòkè lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń mu tíì ní kàfé a máa bi í bóyá kí àwọn rà tàbí kí àwọn tà, ọ̀fẹ́ ló sì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Àwọn tí kò gbọ́ tiẹ̀ ti di onílé.

Lọ́dún yìí, ẹni tó ni ilé tí wọ́n ń gbé ní kí wọ́n kó jáde kí oṣù tó parí, ọmọ òun fẹ́ gbéyàwó. Rqia, ìyàwó rẹ̀, kò pariwo.

"Bàbá Hind, mi ò bèèrè ààfin. Ilé tí ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ pé kí n jáde níbẹ̀ ni mo fẹ́."

Bí àsìkò ṣe tó nìyẹn. Ó rí ilé àtijọ́ kan nínú odi ìlú. Driss àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Lalla Zhor, ló jọ jogún rẹ̀; opó ni Lalla Zhor, inú ilé náà ló ń gbé. Driss fẹ́ ta ìpín tirẹ̀. Wọ́n ná an, ó wọ̀. Nígbà tó ku kí wọ́n lọ bá àwọn akọ̀wé tó ń kọ ìwé ilé títà, Si Thami fa Driss sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí la fẹ́ kọ gbogbo owó sínú ìwé fún? Ṣé ìjọba bá wa ná an ni? Ẹ jẹ́ ká kọ ìdá kan nínú mẹ́ta, kí owó orí lè fúyẹ́."

"Háà, Si Thami! Orí yín pé o!"

Ìyókù owó wọ inú àpò ìyẹ̀fun, ó bọ́ sọ́wọ́ Driss láìsí ẹlẹ́rìí kankan.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n ra ilé, tọkọtaya gbé ṣúgà ńlá onísóńsó kan dání bí ẹ̀bùn, wọ́n lọ kí Lalla Zhor. Ó da tíì fún wọn.

"Mo gbọ́ pé a ti jọ nilé. Èló lẹ rà á?"

Si Thami rántí owó orí, ó gbọ́n, ó dárúkọ iye tó wà nínú ìwé.

"Owó pọ́ọ́kú mà nìyẹn o! Iye yẹn wà lọ́wọ́ mi. Lófin, bí ẹni tí a jọ ni ilé bá ta ìpín rẹ̀ fún ẹlòmíràn, mo lè san iye tó rà á, kí n gbà á padà; ẹ̀tọ́ mi ni. Iye tí ẹ rà á náà ni n óò san fún yín, mo gba ilé bàbá mi padà."

Si Thami sáré gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Lalla... iye yẹn... ìwé lásán nìyẹn o."

"Ṣé ẹ parọ́ fún àwọn akọ̀wé ni?"

"Èmi kẹ̀? Irọ́ bíi ti báwo?"

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Iye inú ìwé ni n óò san nìyẹn."

Si Thami sáré tẹ Driss láago. Driss fi sàréè ìyá rẹ̀ búra pé òun ò gbà ju iye tó wà nínú ìwé lọ. "Ẹ lọ wo ìwé, Si Thami. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kí wọ́n kọ ọ́."

Rqia gbé ife tirẹ̀ kalẹ̀. Kò wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Lalla, yàrá méjì tó wà lókè yẹn, èló lẹ máa gbà lóṣù?"

"Orúkọ rẹ ni n óò kọ sínú ìwé, ọmọ mi. Bí mo bá wà láàyè, kò sẹ́ni tó máa lé ọ. Àmọ́ ọkọ rẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bírò."

Lọ́sẹ̀ náà ni Si Thami gbé ibùsùn lérí, ó ń gun àtẹ̀gùn ilé tó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án jẹ́ onílé rẹ̀. Lalla Zhor dúró nísàlẹ̀, ó ń wò ó.

"Ẹ rọra o, ayálégbé! Ògiri mi!"