Àbọ̀ Tí Mi Ò Tètè Jẹ́

Ní ilé wa ní Òmù-Àrán, ẹni tí a bá rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ padà wá jábọ̀. Tí kò bá padà, ẹni tó rán an á gbà pé wọn ò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti mọ èyí kí n tó mọ̀wé kà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mò ń pè ní Bàbá Àgbà, ló kọ́ mi ní ohun tí mo fi ń wá oyè ọ̀mọ̀wé. Àgbẹ̀ ni ní Agbamu. Nígbà tí owó epo dé, gbogbo ọmọ rẹ̀ kọrí sí Èkó. Nígbà tí nǹkan le, wọn ò padà, àfi tí wọ́n bá ń ṣòkú. Èmi ni mò ń jókòó tì í tó bá ń gé ẹ̀bù iṣu, tó ń fi eérú pa ojú ibi tó gé, tó ń ṣàlàyé bí kò ṣe ní jẹrà títí òjò fi máa dé.

Mo sọ fún un pé wọ́n pè mí sí àpérò àwọn onímọ̀ kí n wá sọ ohun tó kọ́ mi, pé n kò lọ irú rẹ̀ rí, pé àyà ń fò mí. Ó ní, "Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Tí o bá dé, wá sọ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ fún mi."

Ní àpérò náà, wọ́n fi ọ̀rọ̀ tèmi sí ẹ̀yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá kan ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì, ibẹ̀ ni èrò rọ́ lọ; à ń gbọ́ ẹ̀rín wọn lára ògiri. Ẹni mẹ́rin ló wà níwájú mi: alága ìjókòó, ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé mi, obìnrin tó ń dúró láti kó àga, àti bàbá kan tó ti sùn lọ. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè. Nírọ̀lẹ́, kálukú ń jẹun pẹ̀lú àwọn tó mọ̀. Mo gbé àwo mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ń ka orúkọ ara mi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ mi láyà, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mi ò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Agbamu ò jìnnà sílé wa, ṣùgbọ́n mi ò lọ. Ojú ń tì mí. Mo ní kí n parí orí kẹta ìwé mi ná. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní kí òjò dá ná. Ibi tí mo ti ń fònídónìí fọ̀ladọ́la ni wọ́n ti wá ké sí wa pé Bàbá Àgbà ti lọ. Níbi ìsìnkú, àwọn ará Èkó kún ilé. Ìdí ààrò ni mo sá sí.

Nígbà tí kafé íńtánẹ́ẹ̀tì dé Òmù-Àrán, mo gbé ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní àpérò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó má baà kú sínú àpótí mi. Ó pẹ́ kí lẹ́tà kan tó wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè, láti ọwọ́ ẹnì kan tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́. Ó bi mí pé eérú igi wo ni bàbá náà ń lò, pé kí n bá òun kí i. Mi ò mọ̀. Mi ò bi í rí.

Mo mú lẹ́tà náà lọ bá ìyàwó Bàbá Àgbà. Ó ní, "Eérú ààrò mi ni. Igi tí mo bá rí ni mo fi ń dáná." Ó dá lẹ́tà náà padà fún mi. "Bàbá retí rẹ. Nígbà tí kò rí ọ, ó ní ó jọ pé wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín. Ẹni mélòó ló gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà?"

Ó ṣe mí bíi kí n purọ́. Mo kúnlẹ̀. "Ẹni mẹ́rin ni, Ìyá Àgbà. Ọ̀kan tún sùn lọ nínú wọn."

Ó fà mí dìde. "Ẹni mẹ́rin? Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ìwọ nìkan ló jókòó gbọ́ ọ tán. Ká ní o wá sọ fún un ni, inú rẹ̀ ì bá dùn sí ẹni mẹ́rin, ì bá ní kí n gúnyán."