Apá Alágbára, Ọkàn Ọ̀lẹ

Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù ló máa ń gbé mi padà sí Ìsọlọ̀ ìgbà ọ̀dọ́ mi. Owó epo ti dé nígbà náà, ilé iṣẹ́ ń yọ lọ́tùn-ún lósì, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń po kọnkéré. Èmi náà po tèmi. Mo rọ ọ́ sínú agolo ọ̀dà méjì, mo fi páìpù so wọ́n pọ̀, ó sì di irin tí mò ń gbé lẹ́yìnkùlé láràárọ̀ kí n tó lọ kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Kò pẹ́ tí apá mi fi kún inú ṣẹ́ẹ̀tì. Àwọn tá a jọ ń gbélé ń pè mí ní Tíṣà Onírin, inú mi sì máa ń dùn. Bí mo bá fẹ́ kọ nǹkan sára pátákó, mo máa ń ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, kì í sì í ṣe nítorí ooru.

Ẹsẹ̀ ni mi ò rántí. Mo ti ra máṣíìnì pupa kan, bí mo bá sì fẹ́ ra búrẹ́dì níwájú ilé, mo máa ń gùn ún lọ. Ta ni yóò máa fẹsẹ̀ rìn nígbà tí owó epo ti dé? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ọ̀dọ́bìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ jẹ́ tíṣà bíi tèmi. Ará Èkìtì ni ẹbí rẹ̀, ilé wọn sì wà nítòsí Bọ́ládé, ní Òṣòdì. Bàbá rẹ̀ ti kú. Wọ́n ní ó kàn jókòó sórí àga lọ́jọ́ kan, ọkàn rẹ̀ sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Àbúrò bàbá yìí, nọ́ọ̀sì kan tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, ló dúró bíi bàbá fún un. Ohun tí Àǹtí bá ti sọ, abẹ gé e.

Lọ́jọ́ ìdána, wọ́n ní kí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Kí ni ìdọ̀bálẹ̀ fẹ́ fi Tíṣà Onírin ṣe? A dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí bàbá, a dìde; a dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyá, a dìde. Ìyàwó ilé tó ń darí ètò ní òun ò rí i.

"Ẹ tún un ṣe! Ikùn ọkọ ìyàwó ò kanlẹ̀!"

"Àyà rẹ̀ ló pọ̀ jù," obìnrin kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn, "òun ni ò jẹ́ kí ikùn ráyè!"

A tún un ṣe, a tún tún un ṣe. Agbádá wúwo, ooru mú. Ọ̀rẹ́ mi kan tí apá rẹ̀ tín-ín-rín, àmọ́ tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, ń dìde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Èmi ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tó yá, òòyì kọ́ mi, mo fara ti ògiri. Ẹ̀rín tán nínú ilé.

Àǹtí dìde, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń wo aago rẹ̀.

"Tíṣà, eré ìdárayá wo lò ń ṣe?"

"Mò ń gbé irin, Mà."

"Ṣé o máa ń fẹsẹ̀ rìn?"

"Mo ní máṣíìnì, Mà."

Kò rẹ́rìn-ín. "Iṣan ni ọkàn náà, bíi ti apá. O fún apá níṣẹ́, o fi ọkàn sílẹ̀. Opó kan ti wà nínú ilé yìí, mi ò ní fọwọ́ ara mi sọ ọmọ rẹ̀ di ìkejì. Lọ rí dókítà. Bí àsìkò òjò bá ti parí, kó o padà wá."

Àfẹ́sọ́nà mi bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. A kó ẹrù wa padà sí Ìsọlọ̀.

Dókítà ní mi ò tíì ní àrùn ọkàn, àmọ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ga díẹ̀. Kò ní kí n ju irin nù o. Ó ní kí n dín ìwúwo rẹ̀ kù, kí n má ṣe máa sé èémí bí mo bá ń gbé e, kí n sì máa rìn kíákíá lọ́pọ̀ ọjọ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Ni mo bá ti máṣíìnì wọlé, mo ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìsọlọ̀ lọ sí Òṣòdì lẹ́yìn iṣẹ́.

"Tíṣà, ṣé wọ́n jí máṣíìnì ni?"

"Tíṣà, ta ló ń lé yín?" làwọn ará àdúgbò ń pariwo.

Ojú kọ́kọ́ ń tì mí. Nígbà tó yá, mo ń juwọ́ sí wọn.

Àsìkò òjò parí, a padà lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, títí ó fi sú ìyàwó ilé. Àǹtí ò tíì gbà. Ó ní kí n gbé ìyàwó dé ẹ̀bá títì. Mo gbé e. Apá mi mọ iṣẹ́ yìí. Jíjìn ọ̀nà ló ń bà mí lẹ́rù.

"Ẹ má jù mí sílẹ̀ o," ló ń sọ sí mi létí, "aṣọ màmá mi ni mo wọ̀."

Àwọn tó ń kiri ọjà ń pàtẹ́wọ́, Àǹtí ń tẹ̀ lé wa. Nígbà tá a dé títì, ó ní, "Má tíì sọ ọ́ kalẹ̀. Sọ̀rọ̀ ká gbọ́."



Mo ní, "Àǹtí, bí ẹ bá gbà fún mi, màá gbé e dé Ìsọlọ̀ báyìí."

Ohùn mi ò já, mi ò sì mí hẹlẹhẹlẹ. Àǹtí nu ojú rẹ̀. "Ó ti tó," ló wí. "Ìyàwó rẹ ni."

Àǹtí ti di olóògbé báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé èwo ló dára jù fún ọkàn, irin gbígbé ni àbí ìrìn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má yan ọ̀kan, kí wọ́n ṣe méjèèjì níwọ̀nba, kí wọ́n sì kọ́kọ́ rí dókítà. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Irin mi ti fúyẹ́, ìrìn mi ti kúrú. Àmọ́ ẹni tí Àǹtí ò fẹ́ kó di opó ṣì ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń pariwo pé mo ti pẹ́ jù.