Láfún Ọjọ́ Kejì Iléyá

"Má rọra ṣe é! Tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò!"

Ohùn ìyá bàbá mi nìyẹn. Èmi sì nìyí tí mo fi àkísà di etí ìkòkò mú, tí mo fi ọwọ́ kejì di ọmọrógùn, tí èéfín ń ta mí lójú. Òórùn láfún ti gba gbogbo imú mi, òórùn ẹ̀gẹ́ tí a rẹ títí tó fi kan, tí a wá sá sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa ní àdúgbò Ìjemọ̀. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí níwájú mi. Aláró ni wọ́n, ọwọ́ wọn dúdú dé ìgunpá, àwọn aládùúgbò sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé aró á bọ́ sínú láfún wọn lọ́jọ́ kan. Kò bọ́ sí i rí. Funfun báláú ni láfún wọn.

Apá ọ̀tún wọn ló ti ń dùn wọ́n nígbà náà, tí wọn ò lè ro láfún mọ́. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, wá rí àyè ọ̀rọ̀. Àǹtí ti ra sítóòfù gáàsì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì fẹ́ wó ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá, ta ló tún ń fi igi dáná láyé ìsinyìí?" ni Àǹtí wí. "Olóúnjẹ wà níwájú ilé. Apá yín ò sì gbé e mọ́."

Ìyá àgbà nawọ́ sí mi.

"Ẹni tó máa gbé e nìyí. Lọ́jọ́ kejì Iléyá, tí gbogbo yín bá pé, òun ló máa ro láfún tí ẹ máa jẹ. Bí kò bá lè rò ó, ẹ wó ilé ìdáná náà."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dorí èmi ọmọdé nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá wó ilé ìdáná yẹn, orí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìyá àgbà á máa jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí wọ́n á máa dúró de oúnjẹ ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ náà, ẹran Iléyá ń ta sánsán nínú ọbẹ̀, ilá ti wà nílẹ̀, mọ̀lẹ́bí ti kún àgbàlá. Omi hó. Ìyá àgbà ti kọ́ mi pé kí n máa bu díẹ̀ sẹ́yìn nínú omi náà kí n tó da ìyẹ̀fun sí i, torí òun ni mo máa fi sè é kó jinná. Ojú èèyàn pọ̀ lára mi, mi ò bu nǹkan kan. Láfún ṣàn. Mo sáré da ìyẹ̀fun mìíràn lé e, ló bá di kókó. Àǹtí fi ìka tẹ ọ̀kan nínú rẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ rí i báyìí?"

Ìyá àgbà fa abọ́ náà sọ́dọ̀. Wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n bu òkèlè tó kún fún kókó, wọ́n tì í bọ ilá, wọ́n gbé e mì. Wọ́n tún bu òmíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè wo Àǹtí.

"Ọmọ yìí ti ṣe kókó. Ìwọ tí o ò ṣe kókó rí, kí lo sè rí?"

Ìyá àgbà ní kí n tún gbé omi kaná. Bàbá mi ní ebi ń pa àwọn èèyàn, kí á sáré ra nǹkan níta.

"Kí wọ́n dúró," ni ìyá àgbà wí. "Èmi náà dúró dè yín nígbà tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ìrìn."

Wọ́n sì dúró. Àwọn àgbàlagbà jókòó sórí ẹní, wọ́n ń gbé itọ́ mì, wọ́n ń wo ọmọdé tó ń fẹ́ná. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bu omi sẹ́yìn. Láfún náà jọ̀lọ̀. Àǹtí jẹ ẹ́ tán, ẹnikẹ́ni ò sì dárúkọ ṣọ́ọ̀bù mọ́ títí ìyá àgbà fi jáde láyé.

Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe báyìí, mo sì ní gáàsì. Mi ò bá ẹni tó ń ra oúnjẹ jà. Tó bá rẹ̀ mí, èmi náà máa ń ra ìrẹsì ọ̀fàdà nínú ewé. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ń fi àìmọ oúnjẹ sè yangàn, bíi pé oyè ni wọ́n fi jẹ, inú máa ń bí mi sí i. Wọ́n ní ayé ti yí. Ayé tó yí náà ṣì ń jẹun. Ta ló máa sè é lọ́jọ́ tí dátà tí wọ́n fi ń ra oúnjẹ bá tán lórí fóònù wọn?

Iléyá tó kọjá, àwọn ọmọ Àǹtí gbé oúnjẹ tí wọ́n rà wá nínú ike láti Èkó, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù sì tún délẹ̀. Ọmọ mi ló wà nídìí ìkòkò, òógùn bò ó, gbogbo wọn sì ń wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ti ń ṣí ike. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo dé e padà.

Ìyá àgbà ò fi wúrà sílẹ̀ fún mi. Ohun tí mo jogún ni ìgboyà láti jẹ́ kí ebi pa àgbà nítorí ọmọdé.

"Ẹ jókòó," mo sọ fún wọn. "Ọmọ ń ro láfún."