Iyanrìn Inú Gàárì Ìyálé Mi

Èmi ni mo kúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò ṣẹ̀. Agbówà la wà nígbà náà, kí òmìnira tó dé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ni. Ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló sọ fún oníbàárà mi tó máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Ẹ̀pẹ́ pé iyanrìn ni mo ń pò mọ́ gàárì. Irọ́ ni. Oníbàárà yà sọ́dọ̀ tirẹ̀, mo fèsì fún ìyálé, ọkọ mi sì ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́ pé mo gbó o lẹ́nu.

"Ẹ má bínú, ìyálé wa."

Ó ní, "Ìyàwó, olè ò dáa." Gbogbo agboolé gbọ́, kò sẹ́ni tó gbè mí.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń ro oko ẹ̀gẹ́, mo fẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bo èèrà mélòó kan. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi dé, wọ́n sì ń walẹ̀ gan-an níbi tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ wà. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, bákan náà ni. Mo rò pé ẹkún ara wọn ni wọ́n ń gbọ́. Ọgbọ́n orí mi nígbà náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo jókòó sórí ebè, mo rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kúnlẹ̀.

Ihò èèrà wà lẹ́yìn yàrá tí ìyálé ti ń tẹ́ gàárì sórí ẹní. Àràárọ̀ tó bá ti lọ sódò, mo máa ń di èèrà sínú àkísà, mo sì ń rì wọ́n mọ́ ilẹ̀ yàrá náà, láti ẹ̀gbẹ́ ihò yẹn títí mo fi dé abẹ́ ẹní. Àwọn ará wọn walẹ̀ tẹ̀lé wọn. Ilẹ̀ là, iyanrìn gun orí ẹní. Iyanrìn ọ̀dọ̀ wa funfun, kò hàn nínú gàárì.

Nígbà tí oníbàárà dé, ó bu gàárì sẹ́nu, ó rún un, ó tu ú dànù. "Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ọmọlọ́mọ lólè!"

Ìyálé ń búra. Mo gbójú sókè níbi tí mo ti ń bó ẹ̀gẹ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyálé wa. Ṣé kí n mú asẹ́ wá?"

Kò rí gàárì tà fún ará Ẹ̀pẹ́ mọ́ títí èmi àti ọkọ mi fi kó lọ sí Ìkòròdú.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni ọmọ ọmọ mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkòrò là mí lóye pé kì í ṣe ẹkún. Èèrà tí ilẹ̀ bò máa ń tú òórùn kan jáde. Èyí tó bá gbọ́ ọ, dandan ni kó walẹ̀. Ó ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọ́n ń walẹ̀?" Mo ní mo kàn wò ó ni.

Ìyálé ti kú. Lẹ́yìn ìrun, mo máa ń gbìyànjú láti kábàámọ̀, inú mi ṣì ń dùn ni. Àwọn èèrà inú àkísà yẹn ló ń dùn mí. Àwọn ará wọn walẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn ò lè tú àkísà tí mo dì. Àwọn yẹn ò pè mí lólè.