Wáyà Iwájú Panchina

Òórùn omi oko ìrẹsì ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn ní pápá yẹn, lẹ́yìn ìlú Novara, kí ojú tó rí ohunkóhun. Àwọn ẹ̀fọn ibẹ̀ kò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé. Mo wà ní yunifásítì ní Turin láàárín àwọn ọdún 1990, mo ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ṣùgbọ́n bí òpin ọ̀sẹ̀ bá ti dé, ọkọ̀ ojú irin ni mo ń wọ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Novara. Ìwọ náà mọ bí ebi yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bí síbẹ̀, wà nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá softball, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá. Mo ti di bọ́ọ̀lù náà mú rí. Ó le bí ọsàn tí kò tíì pọ́n rárá.

Ohun tí kì í jẹ́ kí n gbádùn eré náà ni panchina wọn. Ahéré gígùn kan ni, tí wọ́n fi bulọ́ọ̀kù mọ, tó ní òrùlé, níbi tí àwọn tí kò tíì kàn máa ń dúró sí. Iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sì jìnnà sí ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń gbá a dé akoto. Àwọn tó wà nínú ahéré kò dé nǹkan kan, wọ́n ń jẹ bisikíìtì, wọ́n ń di irun fún ara wọn. Bí bọ́ọ̀lù bá sì ta gba ẹ̀gbẹ́ igi, ọ̀dọ̀ wọn ló ń forí lé. Mo sọ fún olùkọ́ wọn pé kí wọ́n fi wáyà dí iwájú yẹn. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní òun ti sọ ọ́ títí ẹnu ti rẹ òun. Preside, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ní comune, ìjọba ìbílẹ̀ ìlú náà, ló ni pápá. Ẹni tí mo bá ní comune ní àwọn ló ni pápá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́ ahéré. Wáyà onírin àti òpó mélòó kan ni mo ń sọ o, mi ò ní kí wọ́n kọ́ afárá.

Ìyá wa wá kí wa láti Abẹ́òkúta lọ́dún náà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí eré tí kì í jẹ́ kí ọmọ-ọmọ àwọn tètè dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mú wọn lọ ní ọ̀sán Sátidé kan. Ọmọ náà ti dìde dúró nínú ahéré, ó ń pariwo fún ẹnì kejì rẹ̀ tó wà lórí pápá. Bí ó ṣe rí ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó yí padà, ó kẹ́yìn sí pápá, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lójú gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Ẹ káàsán, Màmá.”

Orí mi wú, nítorí ọmọ tó ń fi èdè Italy dá ìyá rẹ̀ lóhùn nílé ni. Bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kàn án lórí ni mo gbọ́ ìró kan, gbàù! Bọ́ọ̀lù ti gba òkè orí rẹ̀ kọjá, ó ti ba ògiri lápá ọ̀dọ̀ wa. Ká ní ó ṣì wà lórí ìdúró, àárín ìpàkọ́ rẹ̀ ni ì bá bà.

A dúpẹ́, èmi náà dúpẹ́. Mi ò ya aláìmoore. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́rìí nínú ìjọ wa ní Novara pé, “Ìkúnlẹ̀ ló gba ọmọ mi là! Ẹ kọ́ ọmọ yín nílé!” Lọ́jọ́ náà, kò sí ọmọ tí kò kúnlẹ̀ nínú ìjọ, títí kan àwọn tí kì í kí ẹnikẹ́ni. Mo rò pé wọn yóò gbọ́ tiwa wàyí, ni mo bá tún padà lọ bá preside. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ma signorina, nessuno si è fatto male.” Kò kúkú sí ẹni tó fara pa, kí ni mo wá ń lọgun sí? Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó tẹ̀ lé mi lọ sí comune, nítorí òun ni òbí.

“Ọlọ́run ti ṣe tirẹ̀, ìwọ ń wá wáyà. Ṣé o fẹ́ ba ẹ̀rí mi jẹ́ ni?”

“Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́ o, Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Orí tèmi kò wọ́.”

Inú bí mi débi pé n kò jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìwọ sì mọ̀ mí. Preside tí kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀gbọ́n mi tí kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún mi ní èdè méjì.

Kò pẹ́ sígbà náà. Ọmọ kan máa ń jókòó ti ọmọ wa, ọmọ ìlú Novara gan-an, ẹlẹ́rìn-ín ni. Ó gbé ìgò omi sẹ́nu nínú ahéré, bọ́ọ̀lù sì bà á lẹ́nu. Eyín rẹ̀ ká, egungun àgbọ̀n rẹ̀ sán. Ọmọ wa ló gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀ títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dé, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì kúrò lára aṣọ rẹ̀ bí a ti fọ̀ ọ́ tó. Kí wọ́n tó tún gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, wáyà ti dé. Àwọn tí kò mọ ẹni tó ni ahéré ti wá mọ̀ ọ́n lójijì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, nídìí oúnjẹ, ẹ̀gbọ́n mi tún bẹ̀rẹ̀: Ọlọ́run mọ àwọn tirẹ̀, ká ní ọmọ òun kò kúnlẹ̀ lọ́jọ́sí ńkọ́. Ọmọ náà gbé ṣíbí sílẹ̀.

“E lei, mamma? A chi doveva inginocchiarsi?”

Ẹ̀gbọ́n mi wo inú àwo rẹ̀. Ìyá wa, tí kò gbọ́ èdè náà, yíjú sí mi, wọ́n ní kí lọmọ wí.

Mo ní, “Ó ní, ọ̀rẹ́ òun ńkọ́, ta ni ì bá kúnlẹ̀ fún?”

Ìyá wa ti àwo wọn sẹ́yìn. Wọ́n ní ká gbé oúnjẹ kúrò níwájú àwọn. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ ẹ̀rí yẹn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi mọ́.

Má rò pé mo bínú sí ìkúnlẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ tèmi. Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní ni pé ọmọ kan yè, a sì fi ayọ̀ rẹ̀ bo ihò tí ọmọ mìíràn jìn sí. Bí ọmọdé bá kúnlẹ̀ kí mi báyìí, kí n tó dá a lóhùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò.