Ọwọ́ Fataou Lẹ́rẹ̀kẹ́ Haniyyah

Láti ìgbà tí oòrùn ti yọ ni ọ̀bẹ ti wà lórí tábìlì, Fataou kò sì tíì fọwọ́ kàn án.

Ọmọ àgbẹ̀ oníṣu àti kajú ni, ní Manigri. Kutọnu ló ti kọ́ iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tẹ orúkọ olóṣèlú sára ẹ̀wù. Nígbà tó padà wálé, ó ní òun kò tẹ ẹ̀wù mọ́. Ó na aṣọ tín-ín-rín mọ́ igi onígun mẹ́rin, ó fi oje aláwọ̀ ewé kan pa á, ó da àwòrán bò ó, ó sì gbé e sínú oòrùn. Ibi tí oòrùn bá kàn, oje á gan. Ibi tí àwòrán bá ṣíji bò, omi á fọ̀ ọ́ kúrò, ọ̀dà á sì máa gba ibẹ̀ bọ́ sórí bébà bí ó bá ti fi rọ́bà wọ́ ọ. Àwọ̀ kan lónìí, àwọ̀ mìíràn lọ́la, títí ebè iṣu tàbí ẹ̀ka kajú yóò fi hàn ketekete.

Àwọn tó ń kó àwòrán jọ ní Kutọnu ń rà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin. Bí wọ́n bá fẹnu kò sí ogún ẹ̀dà, kò gbọdọ̀ lé. Bí ogún bá ti pé, kí ó fi ọ̀bẹ la aṣọ náà, kí ó sì tẹ ẹyọ kan tí ojú ọgbẹ́ yóò hàn nínú rẹ̀, kí wọ́n lè gbà pé kò sí ẹni tó tún lè tẹ òmíràn. Fataou ti la ebè, ó ti la ẹ̀ka kajú. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.

Lọ́tẹ̀ yìí, ojú Haniyyah ìyàwó rẹ̀ ló tẹ̀, ogún sì ti pé. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà tó jókòó fún un. Méjì ti bà jẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú; ẹ̀kẹta yìí, wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè nínú ilé. Ìdájí òní ni ìrọbí mú un, tí Habibatou, ìyá tó bí Haniyyah, gbé e lọ sí ilé ìgbẹ̀bí ní Bassila. Fataou fẹ́ tẹ̀ lé wọn.

“Kí lo fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?” Habibatou lé e padà. “Ṣé ìwọ lo máa bí i? Lọ parí iṣẹ́ ẹ.”

Mamoudou, awakọ̀ tí Màdáàmù Zouléha, ọ̀kan nínú àwọn tó ń rà á ní Kutọnu, rán wá kó àwòrán náà, jẹ iṣu sísun tán, ó nu ọwọ́.

“Fataou, kí là ń dúró dè?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ láti Bassila.”

“Aṣọ lo fẹ́ gé. Àbí aṣọ ló ń rọbí?”

Fataou kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé aṣọ ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá la ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn níhìn-ín, tí nǹkan sì ṣe Haniyyah lọ́hùn-ún, ta ni yóò wá sọ fún un pé kì í ṣe ọwọ́ òun ló fà á?

Ó pe Habibatou lórí tẹlifóònù.

“Ó ṣì wà nínú yàrá,” ni ìyá náà wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Ó ti pẹ́ jù, Fataou. Wọ́n ní kí n jáde.”

Ó sì pa tẹlifóònù.

“Bí o kò bá gé e,” Mamoudou wí jẹ́jẹ́, “Màdáàmù ò ní gba ìkankan nínú ogún yẹn. Ẹ̀rí ló fẹ́.”

Fataou mú ọ̀bẹ. Ó fi ṣóńṣó rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Aṣọ náà rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ irin, bí awọ ara ènìyàn. Ó ju ọ̀bẹ náà sílẹ̀.

Igbá oje wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Bísímílà,” ó ti àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́, ó sì gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Haniyyah. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi òsì dì í mú. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ ẹ́, oòrùn mú un gan. Nígbà náà ló bu ọ̀dà aláwọ̀ aró, ó wọ́ rọ́bà, ó gbé bébà sókè. Ojú Haniyyah nìyẹn, pẹ̀lú ọwọ́ funfun kan lẹ́rẹ̀kẹ́, tí ìka rẹ̀ di méjì-méjì nítorí ìgbọ̀n.

“O gbá a létí ni?” Mamoudou béèrè.

“Mo dì í mú ni.”

“Wọn ò lè fọ̀ ọ́ kúrò?”

“Oje tó gbé ojú rẹ̀ dúró náà ni mo fi tẹ ọwọ́ yẹn. Bí wọ́n bá fọ ọwọ́ mi kúrò, ojú rẹ̀ á bá a lọ.”

Mamoudou kó ogún àwòrán náà jọ. “Ó dáa. Màdáàmù á gbọ́ ọ lẹ́nu mi.”

Tẹlifóònù dún. Àwọn méjèèjì wò ó.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbé e. Mi ò lè gbé e.”

Mamoudou, tó ti ń ṣẹ̀fẹ̀ láti àárọ̀, kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ohùn Habibatou sì bú jáde: “Fataou! Obìnrin ni! Ìyá ọmọ ń mí. Kò tíì lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ohun kan ṣoṣo ló ń bi mí. Ó ní ṣé o ti gé òun?”

Fataou yíjú sí ọwọ́ funfun tó wà lórí bébà.

“Kò gé e o!” Mamoudou pariwo. “Ẹ sọ fún un pé ó fọwọ́ dì í mú!”

Fataou jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn. Oje ti gan mọ́ ọ lọ́wọ́.