Fọ́ọ̀mù tí mo bá Ṣadé kọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkánjú mi ti jẹ ọdún méjì nínú ayé ọ̀rẹ́ mi.

Èmi àti Ṣadé la jọ wọ ilé-ẹ̀kọ́ òwò ní Òkòkòmáíkò. Nígbà tá a parí ọdún kejì, ó fẹ́ lọ sí èyí tó wà ní Erékùṣù Èkó, torí iṣẹ́ báǹkì tó fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ n kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n á gba àwọn kọ́ọ̀sì tí mo ti ṣe."

Mo ní, "Ìbéèrè ẹ ti pọ̀ jù! Tó o bá débẹ̀, wàá béèrè." Èmi ni mo bá a kọ fọ́ọ̀mù náà. Ọjọ́ yẹn gan-an la fi ránṣẹ́.

Mo pàdé ẹ̀ ní Ìyànà Ìbà lọ́sàn-án yìí. Mò ń yangàn pé mo ti wọ ọdún kẹrin. Ó ní, "Kú oríire, gómìnà kíláàsì. Ìwé ọrọ̀ ajé tá a lò lọ́dún kejì, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ta ló fẹ́ lò ó?"

"Èmi ni. Wọn ò gba kọ́ọ̀sì kankan. Ọdún kìíní ni mo ti tún bẹ̀rẹ̀."

"O ò sì sọ fún mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ yìí? Ìgbà wo lo máa ń dúró gbọ́ nǹkan?"

Ìwé yẹn wà níwájú mi báyìí. Òun ló rà á. Ó fi sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tó ń lọ, ó ní òun ò ní lò ó mọ́.

Ọ̀la ni mò ń gbé e lọ fún un. Kí ni kí n sọ? Ẹ bá mi dá sí i. Ẹ má kàn kọ "pẹ̀lẹ́" o.